Béèrè Òkú Kí O Tó Béèrè Òrùlé

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wá sí fàráńdà mi ní Ìlaro, tí ẹ ń bi mí bóyá iṣẹ́ ejẹ́ǹtì ilé ṣe é fi jẹun, ẹ wá àga, kí ẹ jókòó dáadáa. Ẹ má ṣáà gbé àga kọjá ibi tí táìlì ti yí àwọ̀ padà. Iṣẹ́ náà ṣe é fi jẹun. Mo fi jẹun fún ogójì ọdún ó lé díẹ̀, mo fi tọ́ ọmọ mẹ́rin, èmi àti olóògbé ọkọ mi sì jọ kọ́ ilé yìí. Ọ̀rọ̀ owó parí síbẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Èyí tó kù tí mo fẹ́ sọ, àgbà mìíràn ò ní sọ ọ́ fún yín. Òjòwú ni mí. Láti ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo ti ń jowú obìnrin kan tó ń jẹ́ Ṣídíkátù, tí a jọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan náà. Owú yẹn ló kù díẹ̀ kó gba ilé mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ ogbó mi.

Ọmọ Ọjà-Ọ̀dàn ni mí. Dèbórà ni wọ́n sọ mí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí mo jáde ìwé, bàbá mi mú mi wá sí Ìlaro kí n lè kọ́ táìpù lọ́dọ̀ Bàbá Akínọlá, akọ̀wé tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ọ̀tù. Ayé ìgbà náà, ẹni tó bá mọ táìpù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rí iṣẹ́ ọ́fíìsì, ohun tí bàbá mi ń lé nìyẹn. A ò mọ̀ pé lẹ́tà kọ́ ló ń bọ́ Bàbá Akínọlá. Àgírímẹ́ǹtì ilé àti ilẹ̀ ni. Ẹni tó fẹ́ ta ilé á wá bá a, ẹni tó fẹ́ rà á wá bá a, òun ni yóò fi wọ́n mọ ara wọn, òun náà ni yóò kọ ìwé tí wọ́n á fọwọ́ sí. Ọ̀sẹ̀ tí mo dé ni Ṣídíkátù náà dé láti Afọ̀n. Ìyá rẹ̀ ń ta gàrí. Ó ga, ó pupa, ó sì máa ń rẹ́rìn-ín kí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ tó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Èmi kúrú, mo dúdú, ẹ̀rín mi kì í sì í tètè yọ. Owú ti bẹ̀rẹ̀ kí a tó ṣí ìdérí táìpù.

Bàbá Akínọlá le. Kì í nà wá, kì í sì í pariwo, ṣùgbọ́n ó le ju ẹni tó ń nani lọ. Bí o bá tẹ lẹ́tà kan ṣì nínú àgírímẹ́ǹtì, kò gbà kí o fi ohunkóhun pa á rẹ́. Wàá yọ bébà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti kábọ̀nù mẹ́ta tó wà láàárín wọn, wàá sì tún un bẹ̀rẹ̀ láti orí. Á ní, "Ọmọ aráyé á fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ ilé. Ṣé ìka ìwọ kan ló máa wá sọ ọ́ nù fún un?" Lọ́jọ́ kan mo tún ìwé kan ṣoṣo tẹ̀ nígbà mẹ́fà, omijé sì kán sórí ìkeje, ni ìyẹn náà bá bàjẹ́. Ṣídíkátù tẹ tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ti lọ ra ẹ̀pà jẹ.

Nígbà tó di ọdún kejì, Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í mú wa lọ wo ilé. Ó ní a kì í wo ilé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, onílé lè fi ẹ̀ẹ̀rùn tan ẹni. Bí òjò bá ti ṣú, tí àwọn èèyàn ń sá wọlé, àwa á máa sá jáde. A ó dúró sí yàrá onílé, a ó gbójú sókè bí adìyẹ tó ń mumi, títí a ó fi mọ ibi tí páànù ti ń jò. Ṣùgbọ́n òrùlé kọ́ ni ìbéèrè àkọ́kọ́. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé, "Ta ló sùn síbí?"

Ẹ̀yin ọmọ Yewa, ẹ mọ ohun tí mò ń wí. Àwa kì í gbé òkú àgbà wa lọ jìnnà. Iwájú ilé, ẹ̀yìnkùlé, nígbà mìíràn inú pálọ̀ gan-an, ibẹ̀ ni àwọn òbí wa ń sùn sí. Bí o bá ta ilé, wọn ò ní dìde tẹ̀lé ọ. Nítorí náà ó gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé: ẹni tó sùn síbẹ̀, ibi tó sùn sí, ìgbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ lè máa wá tún ojú oórì rẹ̀ ṣe, àti pé ẹni tó ra ilé ò ní kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lé e lórí. Bàbá máa ń sọ pé, "Béèrè òkú kí o tó béèrè òrùlé. Òrùlé tó ń jò ṣe é tún ṣe. Òkú tí o bá fi pamọ́, bó pẹ́ bó yá, ẹnì kan á fi ẹsẹ̀ kọ ọ́."

Ó rán èmi àti Ṣídíkátù lọ wo ilé kan ní Àyétòrò. Mo wo òrùlé, mo wo kànga, mo wọn gbogbo yàrá, mo kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ tó dára. Nígbà tí a padà dé, Bàbá ò tilẹ̀ wo ìwé mi.

"Ta ló sùn síbẹ̀?"

Mo ní, "N ò béèrè, sà. N ò rí oórì kankan."

Ṣídíkátù ní, "Ìyá onílé ni, sà. Abẹ́ igi ọsàn, lápá ọ̀tún. Wọn ò tíì rówó fi sìmẹ́ǹtì sí i."

Bàbá ní kí n padà sí Àyétòrò lọ́jọ́ náà gan-an, kí n lọ kí ìyá náà, kí n sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Mo lọ. Mo dúró lábẹ́ igi ọsàn tòun ti ebi, mo kí òkú, mo sì ń bú Ṣídíkátù nínú ọkàn mi. Kí ló dé tí kò fi sọ fún mi nígbà tí a jọ wà níbẹ̀? Mo bi í léèrè lẹ́yìn ọdún pípẹ́. Ó ní òun rò pé mo ti béèrè ni, nítorí èmi ni mo gbọ́n jù nínú àwa méjèèjì. Ẹ ò rí i, bó ṣe máa ń ṣe é nìyẹn.

Lọ́jọ́ tí a gba fírídọ̀mù, Bàbá fún mi ní ọ̀kan nínú àwọn táìpù rẹ̀, irin tó wúwo débi pé bàbá mi ní láti fi ọmọlanke gbé e lọ sí gáréèjì. Ó fún Ṣídíkátù ní tépù tó fi ń wọn ilé, èyí tó wà nínú àpò awọ, tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn. Gbogbo ènìyàn ló ní tèmi ló níye lórí jù. Èmi náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tépù yẹn ni mo fẹ́.

Mo fẹ́ olùkọ́ kan nínú ìjọ wa. Tíṣà ni gbogbo ìlú ń pè é, Tíṣà ni èmi náà ń pè é. Ẹni pẹ̀lẹ́ ni, kì í jowú ẹnikẹ́ni, ìyẹn sì máa ń bí mi nínú. Bí mo bá ti dé láti ṣọ́ọ̀bù tí mo ṣí ní Ìlaro, tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹ̀ṣẹ̀ Ṣídíkátù, á bi mí pé, "Dèbó, kí ló gbà lọ́wọ́ rẹ?" N ò rí ohun kan tọ́ka sí, mo kàn máa ń wọlé lọ gbé ìkòkò kaná ni. Nígbà tó kú, a sin ín síwájú ilé, níbi tó máa ń gbé àga sí nírọ̀lẹ́. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, mo fa fàráńdà síwájú kí òjò má bàa máa rọ̀ lé e lórí. Táìlì funfun tí mo rà ò tó. Ìgbà tí a padà sọ́jà, irú rẹ̀ ti tán, ni mo bá fi èyí tó fara jọ ọ́ parí orí Tíṣà. Ojú tó yá ló lè rí ìyàtọ̀ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, n ò pe ibẹ̀ ní oórì mọ́. Fàráńdà ni. Mo máa ń jókòó síbẹ̀ nírọ̀lẹ́, mo máa ń bá a sọ̀rọ̀, mo sì ń bá ẹjọ́ Ṣídíkátù lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ apá tó ṣòro jù nínú iṣẹ́ wa, nítorí òun náà ló padà kàn mí. Ẹni tó fẹ́ ra ilé nìkan, iṣẹ́ rẹ̀ rọrùn. Ẹni tó fẹ́ tà nìkan, kò burú. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ ta ilé tó ń gbé, kó lè fi owó rẹ̀ ra òmíràn, ẹ di ọwọ́ ẹni náà mú bí ọmọ tó fẹ́ sọdá títì. Bó bá yára tà, ẹrù rẹ̀ á dé ìta kó tó ríbi wọ̀. Mo mọ kátíkíìsì kan tó ṣe bẹ́ẹ̀, tó fi oṣù márùn-ún sùn sí yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ àti ewúrẹ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ ìsinmi, àwọn ewúrẹ́ máa ń bá wọn gbe orin. Bó bá sì yára san àsansílẹ̀ lórí ilé tuntun, tí ẹni tó fẹ́ ra tirẹ̀ bá yẹ àdéhùn, kò ní rí tuntun gbà, ohun tó san sílẹ̀ á sì ti lọ.

Bàbá Akínọlá ní ètò tirẹ̀. Kì í fi kàlẹ́ńdà dá àkókò, ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún ló fi ń dá a, nítorí àgbẹ̀ tí kò mọ ọjọ́ tí oṣù jẹ́ mọ ọjọ́ tí ọjà bọ́ sí. Ó ní kọ́kọ́ ta tìrẹ, ṣùgbọ́n jẹ́ kó wà nínú ìwé pé wàá ṣì gbé inú rẹ̀ fún ọjà mẹ́wàá lẹ́yìn tí o bá gbowó. Láàárín ọjà mẹ́wàá yẹn, máa wá ilé. Bí o bá rí èyí tó wù ọ́ kí o tó ta tìrẹ, lọ kí onílé, jẹ́ kó dá ọ mọ̀, má dárúkọ iye kankan. "A kì í torí òjò tó ṣú da omi inú àmù nù." Mo ti pa òwe yẹn fún oníbàárà tí n ò lè kà. Àwọn tí kò gbọ́ padà wá sunkún ní ṣọ́ọ̀bù mi, mo sì máa ń wò wọ́n bíi pé orí wọn ò pé.

Iṣẹ́ náà dùn nígbà tó bá bọ́ sí i. Nọ́ọ̀sì kan wà ní Àyétòrò tó fẹ́ wá máa gbé ní Ìlaro lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì. Èmi ni mo wá ilé fún un, Ṣídíkátù ló mú ẹni tó ra tirẹ̀ wá. A to ọjà pọ̀ títí ọjọ́ ìkólọ fi ṣe déédéé. Ọkọ̀ ẹrù nọ́ọ̀sì ń bọ̀, ọkọ̀ ẹrù ẹni tó ra tirẹ̀ ń lọ, wọ́n pàdé lójú ọ̀nà, àwọn awakọ̀ fun fèrè fún ara wọn. Nọ́ọ̀sì mú àkùkọ kan wá láti fi dúpẹ́. Ṣídíkátù ló gbé e fún. Mo fi ojú ara mi rí àkùkọ yẹn tó ń lọ ní apá rẹ̀. Ó fi itan kan ránṣẹ́ sí mi lọ́jọ́ kejì, pẹ̀lú ọbẹ̀. Mo jẹ ẹ́, ó dùn, inú mi ò sì dùn.

Irin iṣẹ́ wa yí padà. Táìpù mi jọba fún ìgbà díẹ̀, kọ̀ǹpútà wá dé, n ò rí ríbọ̀nù rà mọ́, mo tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ṣídíkátù ti ra fóònù tó ń ya fídíò kí èmi tó mọ bí wọ́n ṣe ń tan tèmi. Á rìn yíká ilé, á máa ṣàlàyé, á fi ránṣẹ́ sí ọmọ ìlú wa tó wà ní Kútọ̀nù tàbí ní ìlú òyìnbó, ilé á sì ti tà kí n tó rí bàtà mi wọ̀. Wọ́n tún ṣe ẹ̀rọ kan tó ń fi iná pupa wọn yàrá. Ìyẹn nìkan ni kò rà. Ó ní tépù Bàbá tó òun. Mo gbà pé nítorí kí n lè máa rí i ló ṣe ń gbé e kiri. Ó lè má rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí owú máa ń sọ fún mi nìyẹn.

Ọdún tí mo fẹ̀yìn tì ni ilé orí òkè wá jáde fún títà. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ni, fèrèsé rẹ̀ onígi, wọ́n kùn ún ní ọ̀dà aláwọ̀ ewé. Bí o bá dúró lókè rẹ̀, wàá rí gbogbo Ìlaro títí dé ibi tí oko ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a ń kọ́ṣẹ́, bí èmi àti Ṣídíkátù bá ti gba ìsàlẹ̀ rẹ̀ kọjá, ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i á ní, "Ilé mi rèé." Onílé, Alàgbà Gébúrẹ́lì, ti darúgbó, ó fẹ́ lọ máa gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Ìbàdàn.

N ò fẹ́ ṣílé o. Orúnkún mi méjèèjì ti ń ro mí nígbà náà, kí ni mo fẹ́ fi àtẹ̀gùn ṣe? Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ọjà kan, obìnrin tó ń ta aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi àtijọ́ sọ fún mi pé Ṣídíkátù ń ta ilé rẹ̀, ó fẹ́ fi ra ilé orí òkè. Ara mi gbóná. Mo rí Ṣídíkátù lójú ọkàn mi tó jókòó lókè yẹn, tó ń wò mí nílẹ̀ títí ọlọ́jọ́ á fi dé. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gun ọ̀kadà lọ sórí òkè.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá."

"Káàárọ̀, Màmá Ìyábọ̀. Ìwọ náà ti gbọ́?"

"Mo gbọ́, sà. Ta ló sùn síbí?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Kò sẹ́nì kankan. Ilé ẹbí wa ni àwọn òbí mi wà, ìyàwó mi náà wà níbẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ Akínọlá yìí, ohun tí Ṣídíkátù kọ́kọ́ bi mí náà nìyẹn."

"Ó ti dárúkọ iye, sà?"

"Rárá. Ó kàn wá kí mi ni. Ó ní bí òun bá ti ta tòun, òun ń bọ̀."

Ó ń ṣe é bí Bàbá ṣe kọ́ wa. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti dìde kí n máa lọ. Mo ní, "Bàbá, èmi á san àsansílẹ̀ lónìí."

Ó wò mí tìyanutìyanu. "O ti ta tìrẹ?"

"Ẹni tó máa rà á ti wà nílẹ̀, sà."

Irọ́ ni. Kò sẹ́ni tó tíì mọ̀ pé mo fẹ́ ta ilé, èmi gan-an ò mọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ àná. Alàgbà fún mi ní ọjà mẹ́ta. Bí ọjà kẹta bá kọjá tí n ò mú ìyókù wá, àsansílẹ̀ mi ti lọ, yóò sì ta ilé fún ẹni tó bá wù ú. Mo fọwọ́ sí i. Gbogbo ohun tí mo fi pamọ́ fún oúnjẹ àti oògùn ọjọ́ ogbó mi ni mo kó lé e lọ́wọ́. Bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, ẹ̀rín ń pa mí. Ṣídíkátù á dé bá ilẹ̀kùn ní títì.

Ìyábọ̀, àkọ́bí mi, pè mí láti Abẹ́òkúta. "Màámi, mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ ta ilé. Bàbá wa ńkọ́?"

Mo ní, "Bàbá rẹ mọ̀ pé n kì í dédé ṣe nǹkan."

Fóònù gé. Mo rò pé owó orí fóònù rẹ̀ ló tán.

Ọjà kìíní kọjá, n ò rí oníbàárà. Kí ìkejì tó pé, ọkùnrin kan yọjú, ọmọ Ìmẹ̀kọ tó ń ṣòwò ní Kútọ̀nù, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Mùsíò. Ó fẹ́ ra ilé fún ìyá rẹ̀. Mo ní kí aládùúgbò mi bá mi ya fídíò, mo fi ránṣẹ́ sí i, Mùsíò ní, "Sẹ bọ́n, Màmá. Mo gbà bẹ́ẹ̀." Ó ní òun á mú ìyá òun wá wò ó, òun á sì sanwó, nígbà tí ọjà kẹta bá ku ọ̀la. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Mo di abọ́, mo di aṣọ, mo tilẹ̀ fa táìpù jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ọ̀sán ni wọ́n dé, pẹ̀lú lọ́yà wọn. Mùsíò wo òrùlé, ó wo kànga, ó wo ilé ìdáná, inú rẹ̀ dùn. Lọ́yà tẹ́ ìwé sórí tábìlì ní pálọ̀. Ìyá ò tíì wọlé. Arúgbó kékeré kan tó ń tẹ ọ̀pá ni, ó dúró sí fàráńdà, ó ń wo ilẹ̀. Mo jáde lọ pè é. Mo bá a tó ń bọ́ bàtà. Ó fi ẹnu ọ̀pá tọ etí táìlì, níbi tí funfun kan ti pàdé funfun kejì, ó tọ ọ́ yíká títí ó fi dé igun kẹrin.

"Ìyá," ó pè mí jẹ́jẹ́. "Ta ló sùn síbí?"

Ó kù díẹ̀ kí n sọ pé kò sẹ́nì kankan. Kì í ṣe pé mo fẹ́ purọ́. Lójú mi, kò sí òkú níbẹ̀, Tíṣà ló wà níbẹ̀. Mo fi ogójì ọdún bi gbogbo onílé Yewa ní ìbéèrè yìí, n ò bi ara mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí ọ̀bẹ ti wù kó mú tó, kì í gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Mo ní, "Ọkọ mi ni, Mà."

Mùsíò ti jáde sí wa. Ó wo ilẹ̀, ó wò mí. "Màmá, ẹ sin èèyàn síbí, ẹ ò sọ fún mi?"

"Mo gbàgbé ni, ọmọ mi."

"Ẹ gbàgbé ọkọ yín?"

Kò pariwo. Bó bá gbá mi létí ni, ì bá sàn fún mi.

Ìyá rẹ̀ ní kó dákẹ́. Ó ní, "Òkú ò bà mí lẹ́rù. Gbogbo ilé tí mo ti gbé ló ní tirẹ̀, mo ń kí wọn láàárọ̀, mò ń kí wọn lálẹ́. Ṣùgbọ́n, ìyá, àga ta nìyẹn?" Ó fi ọ̀pá na àga mi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táìlì, nǹkan kan ṣoṣo tí n ò tíì dì mọ́ ẹrù. "Bí mo bá wá ń gbé níbí, níbo ni ìwọ á máa jókòó sí?"

Mo di ẹ̀yìn àga náà mú. Ó wọ bàtà rẹ̀. "Jẹ́ ká máa lọ," ó sọ fún ọmọ rẹ̀. "Obìnrin yìí ò fẹ́ ta ilé."

Wọ́n lọ. Ọjà kẹta ná, ọjà kẹta tú. Fún ọjọ́ mẹ́ta n ò lè jókòó sí fàráńdà, ẹ̀yìnkùlé ni mo ń gbà wọlé bí olè, ojú Tíṣà ń tì mí. Mo pe Ìyábọ̀, mo sọ fún un. Ó ní, "Màámi, ohun tí mo bi yín lọ́jọ́ náà nìyẹn." Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, mo jáde lọ bá Tíṣà, mo rò ó fún un látòkèdélẹ̀. Mo ń retí ìbéèrè rẹ̀ àtijọ́, kí ni Ṣídíkátù gbà lọ́wọ́ mi. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kó àsansílẹ̀ mi lọ, n ò lè rí ẹlòmíràn dá lẹ́bi. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n sunkún.

Ṣídíkátù ta ilé rẹ̀, ó gba ọjà mẹ́wàá, ó sì ra ilé orí òkè kí ọjà kẹfà tó pé. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó dúró lẹ́nu géètì mi. Ó bọ́ bàtà kó tó gun fàráńdà.

"Tíṣà, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o," ó kí ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá kí mi. Ó na àpò ìwé kan sí mi. "Alàgbà ní kí n fún ẹ. Àsansílẹ̀ rẹ ni, ó pé. Mo sọ fún un pé n ò ní ra ilé tí omijé rẹ wà lára ògiri rẹ̀."

Mo gbà á. Kí ni n bá ṣe? Oore yẹn dùn mí ju ìyà lọ. Bó bá jẹ́ pé ó wá fi mí ṣẹ̀sín ni, mo ti mọ bí n ó ṣe dá a lóhùn. Mo gbé àga kan fún un. Ó gbé àpò rẹ̀ lé ẹsẹ̀, ẹnu tépù aláwọ yẹn yọ síta. Mo ṣì wò ó.

"Òkè yẹn ńkọ́?" mo bi í.

"Atẹ́gùn wà níbẹ̀. Mo ń rí gbogbo ìlú. Mo ń rí páànù ilé rẹ."

Mo ní nínú ọkàn mi pé ẹ ò rí i, mo sọ ọ́. Ó ń wo táìlì.

Ó wá ní, "Kútọ̀nù ni Alájì, ọkọ mi, kú sí. O mọ̀ pé kí n tó dé, wọ́n ti sin ín. Wọ́n kàn nawọ́ sí ọ̀gangan kan láàárín ọ̀pọ̀, wọ́n ní apá ibẹ̀ yẹn ni. N ò mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀ nínú wọn títí dòní. Bí nǹkan bá ṣe mí lókè yẹn, ta ni mo fẹ́ rojọ́ fún? Dèbó, láti ìgbà yẹn, ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń jowú fàráńdà yìí."

Ẹ̀yin ọmọ mi, ogójì ọdún ni mo fi retí kí ọ̀rọ̀ yẹn jáde lẹ́nu Ṣídíkátù. Mo ti rò pé lọ́jọ́ tí mo bá gbọ́ ọ, màá jó. N ò jó. Ojú rẹ̀ ti kún fún omi, àánú rẹ̀ ṣe mí, mo sì na ọwọ́ láti dì í mú. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ẹsẹ̀ àga rẹ̀ kan ti gun orí táìlì tó yàtọ̀.

Mo ní, "Ṣídí, fa àga rẹ sẹ́yìn díẹ̀. Ibẹ̀ yẹn, èmi ni mo ni ín."

Ó fà á sẹ́yìn.